Ẹ yéé fi èdè sísọ wọn ẹni ẹ̀mí

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, àmọ́ ti Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́. A lọ sin bàbá kan nínú ìjọ wa nílùú Iléṣà níbí, a ti sin wọ́n tán, a ti jẹ ìrẹsì, a ti ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ìjọ, ni mọ́mì kan tó jókòó níwájú bá ní, "Bàbá yẹn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o, àmọ́ ká sọ òótọ́, wọn kì í ṣe ẹni ẹ̀mí. Látọjọ́ tá a ti jọ ń sìn, mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ èdè rí." Èdè àjèjì tí wọ́n ní Ẹ̀mí Mímọ́ ń fi síni lẹ́nu nínú àdúrà ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó kù ń mi orí. Ẹnì kan tiẹ̀ fi kún un pé wọn kì í wá sí àìsùn dáadáa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bo erùpẹ̀ lé bàbá lórí ni o, iyẹ̀pẹ̀ ibojì ṣì wà lẹ́sẹ̀ bàtà wa.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló sọ fún yín pé èdè la fi ń mọ ẹni ẹ̀mí?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò tíì yé ẹ ni." Èmi tí mo ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, tí wọ́n bí sínú ìjọ.

Ibi gbogbo la ti ń gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ní "ẹni ẹ̀mí ni lágbájá", ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé ó ń sọ èdè, ó ń ríran, àlá ẹ̀ máa ń ṣẹ, ó lè gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, àdúrà ti há a lóhùn, tó bá gun orí òkè kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá ó ń san gbèsè, kò sẹ́ni tó máa bi ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ léèrè bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Mo tún un sọ, irọ́ ni, inú Bíbélì tí gbogbo wa ń gbé lọ́wọ́ ló sì ti hàn pé irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí bàbá jẹ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn ò mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lágbára. Kòkó ni wọ́n ń rà. Bàbá tó bí mi ní oko kòkó lọ́nà Ifẹ̀wàrà, èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi la máa ń bá wọn kó o wálé. Nígbà tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù kòkó, àjọ ìjọba tó ń dá iye owó kòkó, ká ní 1986, owó kòkó ga sókè, gbogbo ẹni tó bá ti rí owó díẹ̀ kó jọ ló sọ ara ẹ̀ di olùra kòkó, òṣùwọ̀n sì bàjẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ oníkòkó ló máa mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á ti fọwọ́ kan ìwọ̀n kó o tó dé, kòkó tó jẹ́ ọgọ́ta kílò nígbà tó o gbé e kúrò nílé á di mọ́kànléláàádọ́ta lórí ìwọ̀n tiwọn, tó o bá sì sọ̀rọ̀ wọ́n á ní kòkó ẹ ò gbẹ, kó o gbé e padà lọ sá. Àgbẹ̀ tó ti jẹ gbèsè owó ilé-ìwé ọmọ, níbo ló tún fẹ́ gbé e lọ? Àwọn kan wà nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé wọn kì í pa ìpàdé àdúrà jẹ. Mo mọ̀ wọ́n.

Bàbá tá a sin yìí gbé òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n wọn, òkúta tí wọ́n ti wọ̀n níwájú gbogbo èèyàn tí wọ́n sì ti fi ọ̀dà kọ iye kílò ẹ̀ sí i lára. Tó o bá dé, ìwọ fúnra ẹ lo máa gbé òkúta yẹn sórí ìwọ̀n, kó o fi ojú ara ẹ rí i pé ìwọ̀n ò purọ́, kó o tó gbé kòkó ẹ lé e. Àgbẹ̀ láti Ìwàrà, láti Ìpólé, láti Igángán, wọ́n á gbé ẹrù kọjá níwájú olùra mẹ́rin márùn-ún kí wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí, òjò ń rọ̀, la gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn, bàbá ló dé, wọ́n ní àwọn tún owó tí àwọn san fún bàbá mi láàárọ̀ ṣírò, àwọn rí i pé kò pé, wọ́n ka èyí tó kù lé wọn lọ́wọ́, wọ́n yíjú padà sínú òjò. Bàbá mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé owó dín. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn. Mi ò rántí ìwàásù kankan tí mo gbọ́ lọ́dún náà, àmọ́ mo rántí bí omi ṣe ń kán láti ara fìlà wọn.

Òun lẹ wá sọ pé kì í ṣe ẹni ẹ̀mí.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ìtàn kòkó kọ́ ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣí Bíbélì. Ìjọ kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá jẹ́ Iléṣà ló wà lónìí, ọ̀pọ̀ wa ló máa kẹ́rù kúrò ní ìjọ tiwa lọ síbẹ̀. Ìjọ Kọ́ríńtì ni mò ń sọ. Pọ́ọ̀lù ló dá a sílẹ̀, Éfésù ló wà nígbà tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí wọn. Ní orí kìíní ẹsẹ keje ó sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀bùn tí wọn ò ní. Èdè wà, ìtumọ̀ èdè wà, àsọtẹ́lẹ̀ wà, ìwòsàn wà. Èdè yẹn tiẹ̀ pọ̀ débi pé nígbà tó fi máa dé orí kẹrìnlá, ó ń là á sílẹ̀ fún wọn bí ẹni ń darí ọkọ̀ ní oríta: kí ẹni méjì sọ̀rọ̀, tó bá pọ̀ jù kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan túmọ̀, tí kò bá sí ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ kí onítọ̀hún dákẹ́. Ó ní tí gbogbo wọn bá ń sọ èdè lẹ́ẹ̀kan náà tí àlejò wọlé, ṣé kò ní sọ pé wọ́n ń ya wèrè ni? Ìsìn tí mo máa ń rí lónìí nìyẹn gẹ́lẹ́, tá a sì ń pè ní iná.

Ìjọ kan náà yẹn, ẹ wá ṣí orí kẹta. Ẹsẹ kìíní. Ó ní, ẹ̀yin ará, mi ò lè bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni ẹ̀mí, bí ẹni ti ara ni mo ṣe bá yín sọ̀rọ̀, bí ọmọ ọwọ́ nínú Kristi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Àwọn tí èdè kún ẹnu wọn ló ń bá wí o, àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀bùn, wọn kì í ṣe ẹni ẹ̀mí. Tó bá jẹ́ pé èdè ni àmì, ọ̀rọ̀ yẹn ò lè jáde lẹ́nu Pọ́ọ̀lù láéláé, torí kò sí ìjọ tó kọ lẹ́tà sí tó sọ̀rọ̀ nípa èdè wọn tó bẹ́ẹ̀. Kí ló wá fi mọ̀ pé ẹni ti ara ni wọ́n? Ẹsẹ kẹta dáhùn, owú àti ìjà tó wà láàrin wọn ni. Ọ̀kan ń sọ pé ti Pọ́ọ̀lù lòun, ìkejì ní ti Àpólò lòun, ìkẹta ní ti Kéfà. Ẹ fi orúkọ àwọn pásítọ̀ wa sí i, ẹ máa rí i pé kò tíì yí padà.

Kò sì parí síbẹ̀. Orí karùn-ún, ọkùnrin kan ń fẹ́ ìyàwó bàbá ẹ̀, ìjọ mọ̀, wọ́n ń fẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Orí kẹfà, wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ síwájú àwọn tí kò gbàgbọ́, wọ́n sì ń rẹ́ ara wọn jẹ. Orí kọkànlá ló máa ń dùn mí jù. Wọ́n pé jọ láti jẹ oúnjẹ Olúwa, àwọn tó rí jẹ á tètè dé, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu yó, ẹni tí kò ní á dé, ebi á máa pa á, ojú á tì í. Mo máa ń rò ó pé àwọn tó ń pẹ́ dé yẹn, ó ní láti jẹ́ pé àwọn ẹrú àti alágbàṣe ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí ọ̀gá ò tíì tú sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á sáré dé wọ́n á bá ìkòkò òfìfo. Nínú ìjọ tí àsọtẹ́lẹ̀ ti ń jáde o! Kò sí aríran kan nínú wọn tó rí ebi lójú ẹni tó jókòó tì í.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orí kẹtàlá wá dé, èyí tá a ti sọ di ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Kì í ṣe torí ìyàwó àti ọkọ ni Pọ́ọ̀lù ṣe kọ ọ́. Ó wà láàrin orí kejìlá tó sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àti orí kẹrìnlá tó sọ̀rọ̀ èdè, ó fi í sí àárín wọn ni, ó ní ẹni tó ń sọ èdè èèyàn àti ti áńgẹ́lì tí kò ní ìfẹ́, idẹ tó ń dún lásán ni. Kódà ní ìparí orí kejìlá ó bèèrè, ṣé gbogbo wọn ló ń sọ èdè? Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ mọ̀ pé rárá ni ìdáhùn.

Ẹ ṣì tún kúrò ní Kọ́ríńtì, ẹ lọ sí Gálátíà. Orí karùn-ún ka àwọn iṣẹ́ ti ara: àgbèrè wà ńbẹ̀, oṣó wà ńbẹ̀, àmọ́ ìkórìíra, ìjà, owú àti ìbínú náà wà ńbẹ̀, orí ìlà kan náà ni wọ́n wà. Àwa máa ń lé ẹni tó bá lóyún láìlọ́kọ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tó ti ń bínú sí àbúrò ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá ló ń darí àdúrà. Èso Ẹ̀mí tó wá kà tẹ̀ lé e, mẹ́sàn-án ni, kò sí èdè níbẹ̀, kò sí ìran níbẹ̀. Ìfẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu ló fi parí. Orí kẹfà ẹsẹ kìíní wá sọ iṣẹ́ tí ẹni ẹ̀mí ń ṣe gan-an: tí ẹnì kan bá ṣubú, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹni ẹ̀mí gbé e dìde pẹ̀lú ọkàn tútù. Ìyẹn ni Pọ́ọ̀lù gbé lé wọn lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí Sọ́ọ̀lù ọba? Ìwé Sámúẹ́lì kìíní orí kejìdínlógún, ó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nínú ilé, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì jù ú sí Dáfídì pé kóun gún un mọ́ ògiri. Ní orí kọkàndínlógún ó tún sọ àsọtẹ́lẹ̀ níwájú Sámúẹ́lì tọ̀sán tòru, ọjọ́ tó jẹ́ pé ṣe ló jáde nílé láti lọ mú Dáfídì kó lè pa á. Sákéù ńkọ́? Agbowó-orí. Kò ríran, kò ṣubú lulẹ̀, ó kàn dìde dúró ó ní òun máa pín ìdajì ẹrù òun fún tálákà, ẹni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Jésù ní ìgbàlà ti wọ ilé yẹn lónìí. Èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti wàásù ìlọ́po mẹ́rin yẹn ní àìsùn rí.

Wọ́n á ní Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kejì ńkọ́, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Èdè tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn gbọ́ ọ ní èdè ìlú wọn, ó yé wọn, ó sì ṣiṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Ẹ ka orí náà dé ìparí, ẹ máa rí i pé wọ́n ń ta ohun ìní wọn, wọ́n ń pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣaláìní. Ibẹ̀ la kì í kà dé.

Wọ́n á tún ní Bàbá Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ Kristi Àpósítélì (CAC), ńkọ́, torí pé Iléṣà la wà, kò sí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè jáde kí wọ́n má dárúkọ wọn. Àní lórí títì ni Ọlọ́run ti pè wọ́n ní 1928, níbi tí wọ́n ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà, ní 1930 ni ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè níbí, tí èèyàn ń wá láti ọ̀nà jínjìn. Mi ò jiyàn ẹ̀, ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn tó rọ́ lọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí àwọn èèyàn kó jáde lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Oògùn ni, òǹdè, ère, ohun tí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé látọjọ́ aláyé ti dáyé, wọ́n kó o jáde fúnra wọn, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ ni. Àwa ń gun òkè, à ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tá a gbé lọ náà la máa ń gbé bọ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ẹ̀bi ẹlòmíì nìkan ni mò ń rí. Lọ́dún kan, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ní oṣù kìíní, mo ń sọ èdè, mo ń jí ní aago mẹ́ta òru, gbogbo ìjọ mọ̀ pé mo wà nínú ẹ̀mí. Lásìkò yẹn, èmi àti ìyàwó àbúrò mi ò kí ara wa, ó ti tó ọdún méjì, oko kòkó bàbá wa ló dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ààwẹ̀ yẹn, ó wá sílé mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ara ọmọ gbóná janjan, àbúrò mi ò sí nílé, ó fẹ́ kí n yá òun lówó ilé ìwòsàn. Mo wà ní yàrá tí mò ń gbàdúrà. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ ní pálọ̀. Mo ní kí ọmọ tó ń gbé ọ̀dọ̀ mi sọ fún un pé àǹtí wà lórí àdúrà, wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo sì padà sínú èdè mi. Ọmọ yẹn yè, alágbàfọ̀ kan ládùúgbò ló fún ìyá ẹ̀ lówó, kì í ṣe èmi. Ó ti wọ fásitì báyìí, tó bá kí mi tó kúnlẹ̀ pé "Ẹ kú ilé o, àǹtí," ọkàn mi ṣì máa ń gún mi. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ẹni ẹ̀mí ni mí lóṣù yẹn.

Aṣọ ni mò ń tà ní Àtàkúnmọ́sà. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, wọ́n gbé aṣọ dé ìlú táwọn èèyàn ò mọ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n á tà á láwìn, tó bá di ọjọ́ owó wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè títí wọ́n á fi gbà á. Mo mọ nǹkan tí owó àwìn jẹ́. Ìyá kan wà tó ń darí àdúrà níbì kan, ó kó léèsì lọ́wọ́ mi nígbà tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ, ó ní ìparí oṣù. Ó pé ọdún méjì. Tí mo bá pè é kò ní gbé e. La wá pàdé ní àìsùn, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní òun rí ọ̀tá kan tó jókòó lórí owó mi. Owó mi tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni o! Àwọn èèyàn ń kígbe àmín. Èmi náà ṣe àmín, ẹ̀rù ló bà mí, torí wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé èèyàn kì í bá ẹni ẹ̀mí jà. Ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń bà jẹ́ gan-an nìyẹn, ó ń sọ àwọn kan di ẹni tí a ò lè bi léèrè owó.

Ẹ wo ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà nílùú wa. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀. Dókítà David Morley wà níbẹ̀ láti 1956 sí 1961, nígbà tí èéyi ń pa ọmọ wẹẹrẹ. Òun àtàwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n dá kíríníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmèsí-Ilé àti Iléṣà, wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń kọ ọ́ sórí káàdì kan, ìyá á gbé káàdì lọ sílé, tí ìlà orí ẹ̀ bá ti ń wálẹ̀ wọ́n á mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ọmọ tó dùbúlẹ̀. Irú káàdì yẹn ti kárí ayé. Ẹ fojú inú wo èèyàn tó jókòó lójoojúmọ́ tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí ìwọ̀n, ọmọ tó ń ké, tó ń tọ̀ sí i lára, kò sẹ́ni tó máa dúró níwájú ìjọ kó pe ìyẹn ní nǹkan ẹ̀mí. Èmi pè é bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pé àwọn kan wà tí èdè ń ràn lọ́wọ́ nínú àdúrà, Pọ́ọ̀lù náà ní òun ń sọ ọ́ ju gbogbo wọn lọ, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Àmọ́ òun náà ló ní òun á kúkú sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tó yé èèyàn nínú ìjọ ju ẹgbàárùn-ún ní èdè lọ.

Àkọ́bí bàbá sọ nǹkan kan fún mi níbi ìsìnkú yẹn, kí a tó wọ bọ́ọ̀sì. Ó ní nígbà tí àwọn ń palẹ̀ yàrá mọ́, àwọn rí ìwé kan lábẹ́ ìrọ̀rí, ìwé tí bàbá ń kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí owó wọn kù lọ́wọ́ wọn sí. Wọ́n ti fa ìlà sórí gbogbo orúkọ, ó ku mẹ́ta. Àwọn ọmọ wá méjì rí, wọ́n san án. Ẹnì kẹta ti kú, ará Ìwàrà ni, wọ́n lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rí ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń ta gààrí, wọ́n ka owó náà lé e lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì gbé bàbá wọ ilẹ̀ ní Sátidé.